Pálọ̀ Aláwọ̀ Ìbẹ́pẹ

Odindi ọdún méjìdínlógún ni Suwebat fi ta aṣọ ní àdúgbò Vai Town lẹ́yìn odi, inú yàrá ilé onílé ló sì ń gbé. Nígbà tó di ọdún 1969, ó ra ilé kékeré kan ní àdúgbò Old Road ní ìlú kan náà. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó ta ilé fún un ti kun pálọ̀ ní búlúù tó dúdú bí aró. Àwọ̀ inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n ni Suwebat ń fẹ́ ní tirẹ̀. Ló bá ránṣẹ́ pe Sàlàkọ́ akunlé.

Sàlàkọ́ fọwọ́ pa ògiri, ó gbójú sókè wo àjà, ó fi èékánná họ ìdí fèrèsé.

"Ọgọ́ta dọ́là, ìyá."

"Pálọ̀ kan péré! Ṣé wúrà lo fẹ́ fi kùn ún ni?"

"Ìyá, ọ̀dà nìkan kọ́, iṣẹ́ ibẹ̀ ló pọ̀. Òjò ti jẹ ògiri yìí, ó ti ń bó. A ó họ ọ́, a ó dí ibi tó sán, kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án rárá. Àjà yín ga, mo máa háyà àkàbà. Ẹrù yín kún ilẹ̀, ta ni yóò kó o? Búlúù yìí ńkọ́? Ọ̀dà funfun la máa kọ́kọ́ fi bò ó, kí tiyín tó gùn ún lẹ́ẹ̀mejì."

"Yọ funfun yẹn kúrò."

Sàlàkọ́ ò jiyàn. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà àwọ̀ ìbẹ́pẹ díẹ̀ tó gbé wá, ó kun ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ lórí búlúù. Wọ́n dúró wò ó. Bó ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń di àwọ̀ ọbẹ̀ ilá àná.

Suwebat pariwo, ẹ̀rín gbé e ṣubú sórí ìdì aṣọ. "Fi funfun sí i, jọ̀ọ́! Bí mo bá wá kó ẹrù fúnra mi, tí mo sì họ ògiri ńkọ́?"

"Ó di ogójì."

Kíá ni Suwebat lọ pe Hajarat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta bàtà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ẹrù síta, wọ́n fi gèlè di imú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Kò pẹ́ tí eruku búlúù fi bò wọ́n títí dé ìpéǹpéjú.

"Wo orí rẹ!" ni Hajarat ń wí.

"Ìwọ lo ò tíì rí tìẹ!"

Níbi tí Hajarat ti ń fi tagbáratagbára họ ọ́, gbì! Awẹ́ ògiri kan tó fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ já lulẹ̀. Aládùúgbò sáré dé ojú fèrèsé: "Ol' Ma, wetin happen-o?"  Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti jókòó sílẹ̀, wọ́n ń di ikùn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bí Sàlàkọ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ó wo ihò, ó wo àgbà obìnrin méjì tó ti di búlúù. Ó fẹ́ fa ojú ro, kò ṣeé ṣe.

"Dọ́là mẹ́ta ni ti ihò, ìyá."

"Gba márùn-ún!" ni Suwebat fi ẹ̀rín dáhùn.

Ọjọ́ kẹrin ni iṣẹ́ parí. Oòrùn àárọ̀ wọlé, gbogbo pálọ̀ sì pọ́n rokoṣo. Hajarat bi í pé ibo ni kí àwọn gbé àga sí.

"Ẹ jẹ́ kó wà níta ná," ni Suwebat wí. Ó na apá méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì láàárín pálọ̀ náà.