Máàkì Tí Kò Tó

"Ká má parọ́, máàkì rẹ̀ kò tó," ni Tíṣà wí, ó sì gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Àmọ́ wọ́n mú un."

Bàbá Adúmáadán, ọmọ tí wọ́n mú náà, rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín síta. Láti àárọ̀ tí ìròyìn ti dé sórí fóònù ọmọ rẹ̀ pé yunifásítì tó lórúkọ jù lọ ti gbà á wọlé, kò tíì fìdí kalẹ̀ dáadáa. Ìyá tó bí bàbá náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màdáámù nítorí pé ó ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan. Inú òun náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máàkì yẹn gún un lára díẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò fi máàkì kan ṣoṣo ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ rí. Àwọn òbí sunkún títí, wọ́n gbé adìyẹ wá bẹ̀ ẹ́, adìyẹ náà ló ń bá wọn padà sílé.

Oníkẹ́míìsì tó wà lódìkejì òpópónà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní òun wá kí wọn kú oríire ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó wá kíni. Ọmọkùnrin tirẹ̀ ṣe ìdánwò kan náà, máàkì rẹ̀ fi dáadáa ju ti Adúmáadán lọ, yunifásítì náà kò sì mú un.

"Tíṣà, ẹ má bínú o," ni ó wí. "Mi ò jowú ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ ọmọ tèmi jù ú lọ, gbogbo wa la mọ̀. Kí ni wọ́n rí lára èyí tí wọn ò rí lára tèmi? Àbí ẹ mọ ẹnì kan níbẹ̀ ni?"

Bàbá Adúmáadán fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n Tíṣà ti já ọ̀rọ̀ gbà. Ọ̀dọ́ ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n fẹ̀sùn màgòmágó kan ọmọ ilé ìwé òun.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí màgòmágó níbẹ̀. Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ àròkọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, kí àwọn lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn máàkì rẹ̀. Èmi ni mo bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ yìí ló ń tọ́jú Màdáámù lóru. Tí wọ́n bá tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ, á fọ̀ ọ́, á sá a sẹ́yìnkùlé, á tún wá síléèwé. Títí kan òru tó ṣáájú ìdánwò yẹn. Ọmọ tiyín sùn lóru ọjọ́ náà, àbí kò sùn?"

Adúmáadán, tó ń gbé àwo bọ̀ láti ibi ìdáná, dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà. Oníkẹ́míìsì, tó jẹ́ pé Màdáámù ló kọ́ ọ ní kíkà àti kíkọ, dorí kodò. Ìtìjú bo Màdáámù láti orí dé ẹsẹ̀. Òun tó máa ń dá ọmọ padà sílé nítorí pé yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ dọ̀tí! Ó fọwọ́ ti àga, ó dìde, ó ní ó rẹ òun, ó sì rọra wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Títí di òní, Màdáámù àti Adúmáadán nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé. Ọmọ náà kì í ra ìlédìí lọ́wọ́ Oníkẹ́míìsì; á rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á lọ rà á ní àdúgbò míì. Kódà bàbá rẹ̀ tó ń sùn ní yàrá kejì kò mọ̀, nítorí pé Màdáámù ti kìlọ̀ kíkankíkan.

Nígbà tí Adúmáadán tẹ̀ lé e wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ìyá àgbà rẹ̀ jókòó sí.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìtọ̀ mi lo fi wọ yunifásítì."

"Rárá o, mà."

"Kí ni kí n wá pè é? Mo rò pé ọpọlọ rẹ ni yóò gbé ọ débẹ̀. Àánú ni wọ́n fi mú ọ. Wọ́n káàánú arúgbó tó ń tọ̀ sílé, wọ́n wá fi ọmọ ọmọ rẹ̀ síwájú ọmọ tó gba máàkì."

Ọmọ náà gbójú sókè. Kì í sábà bá ìyá àgbà rẹ̀ jiyàn.

"Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe tí mi ò bá sí níléèwé. Kí ni kí n kọ? Pé mò ń gbá bọ́ọ̀lù? Mi ò kọ ọ́ kí wọ́n lè káàánú yín. Mo kọ ọ́ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àgbàlagbà dìde tí kò ní dà bíi pé wọ́n gbé e. Mo kọ ọ́ pé tí ojú mi bá wà nínú ìwé, etí mi ń bẹ lọ́dọ̀ yín. Iṣẹ́ mi nìyẹn, Ìyá Àgbà. Èmi ni mo ṣe é."

Màdáámù wo ọwọ́ ọmọ náà. Ọṣẹ ti jẹ ẹ́, ó le bí ọwọ́ ìyálọ́mọ.

"Ó yẹ kó o kọ́kọ́ bi mí," ni ó wí.

"Ẹ ò ní gbà."

"Mi ò ní gbà lóòótọ́."

"Mi ò tiẹ̀ ní lọ mọ́," ni Adúmáadán wí. "Ibẹ̀ jìnnà, inú ọgbà wọn ni mo sì gbọ́dọ̀ máa gbé. Ta ni yóò máa jí fún yín? Ẹ ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn yín. Màá kúkú wọ ti tòsí."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Màdáámù ju ti Tíṣà lọ. Ìtìjú kì í pani. Ṣùgbọ́n bí òun bá ní kò sẹ́lòmíì tó gbọ́dọ̀ rí òun, ọmọ yìí ni òun ń dè mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ tí àwọn àlejò dágbére ní pálọ̀, tí ẹsẹ̀ bàbá ọmọ náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ọkùnrin ni ọ́. Èmi ni mo sì bí ọ."

"Màá wá nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa wá…"

"Mi ò fẹ́ àlejò. Wọlé."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀díẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ nítorí oríire ọmọ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbójú sí.

"Ká apá ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sókè," ni Màdáámù wí. "Aṣọ tí mo jókòó sí yìí ti tutù. Adúmáadán, dìde, lọ jókòó sórí àga. O ò gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́, ẹnu ni kó o fi kọ́ ọ."

Bàbá ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ọ̀tún, ó ká ti òsì. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, Dádì."