Orúkọ Tó Kù Nínú Ìwé Àwọn Dókítà

Yìnyín ń bọ́ ní Ṣikágò bí ẹni ń tu ìyẹ́ adìẹ. Ẹ̀yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ni Corinne jókòó sí, ó ń gbọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń jiyàn nípa irú ẹni tí òun jẹ́. Orúkọ ọkùnrin ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ̀ pé obìnrin ni òun. Ìwé ńlá àwọn dókítà ọpọlọ ní àrùn ọpọlọ nìyẹn. Ìwé yìí kan náà ni lọ́yà ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ gbé síwájú adájọ́, kí wọ́n lè gba Paige, ọmọ wọn, lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù tó ń rí ọmọ náà, ìyẹn gan-an sì ti ń mì.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé!" dókítà kan pariwo. "Ojú burúkú táwọn èèyàn fi ń wò wọ́n ló ń ṣe wọ́n léṣe, kì í ṣe ọpọlọ wọn."

Àgbà kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Tá a bá yọ ọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò wo ló máa sanwó oògùn fún ẹni tí kò sí nǹkan tó ń ṣe é?"

"Ká wá torí oògùn pe ẹni tó gbádùn ní aláàárẹ̀?"

Delphine, tí wọ́n sọ lórúkọ ọkùnrin nígbà ìbí bíi ti Corinne, tó sì ti fi wíwa ọkọ̀ àjàgbé darúgbó, fi ìgúnpá gbún un níbi tó jókòó tì í. "Ọmọ mi, wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ná wa bí ẹran ọjà."

"Àǹtí, ẹ rọra, wọ́n á lé wa síta o."

"Kí wọ́n lé mi. Kí wọ́n má ṣáà gba abẹ́rẹ́ tó ń sọ ara mi di ti obìnrin lọ́wọ́ mi. Mo ti gbé ayé láìsí i rí. Mi ò ní lè padà síbẹ̀."

Kí wọ́n tó dìbò, àṣà wọn ni pé kí ẹnì kan lára àwọn tọ́rọ̀ kàn sọ tẹnu rẹ̀. Corinne ni wọ́n pè. Láti Duluth, nínú bọ́ọ̀sì, ló ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra: Ẹ yọ ọ́, kí n lè rí ọmọ mi. Ó dé ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Delphine tó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún bí ẹni òtútù mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìwé," ó ní. "Ẹ ṣáà wá orúkọ tó sàn fún un."

Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n yọ "àrùn", wọ́n fi "ìnira ọkàn" rọ́pò rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ mu kọfí.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ẹjọ́ pé. Adájọ́ kọjú sí Lindqvist, dókítà Corinne fúnra rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì wà nínú ìwé yín?"

"Olúwa mi, a ti yí orúkọ rẹ̀ pa—"

"Dókítà, mi ò béèrè orúkọ."

Lindqvist wolẹ̀. "Ó wà níbẹ̀, Olúwa mi."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ Corinne ti po ìyẹ̀fun páńkéèkì fún ẹni méjì kó tó rántí pé adájọ́ ò jẹ́ kí Paige wá mọ́. Ó bo abọ́ náà, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ gba abẹ́rẹ́. Adójútòfò ti sanwó rẹ̀ pé.