Ọjọ́ Tí Ìyá Má-Jẹyọ̀ Dákẹ́

Nọ́ọ̀sì la ẹnu láti kí àwọn kafíńtà mẹ́sàn-án tó dúró níwájú rẹ̀, ohun tó jáde sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Ó wúkọ́. Ó tún un gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ sí ìró kankan. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń lọ sókè sódò bíi ti ẹja.

Àwọn kafíńtà wo ara wọn.

"Ṣé àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí ni?" ni Aláwàdà béèrè. Ọkùnrin tó ti bímọ méjì ni, síbẹ̀ kò tíì fi ìwà ọmọdé sílẹ̀.

Àná ni ohùn náà ti bà jẹ́. Nọ́ọ̀sì lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ̀ta bí a ṣe ń fọwọ́, nílé ẹ̀kọ́ kan tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó sì pariwo láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán. Nígbà tó fi máa jí láàárọ̀ yìí, kò lè sọ "ẹ káàárọ̀". Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá òun ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ilé ni ì bá jókòó sí, ṣùgbọ́n mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ti sọ ọ́ ṣàkó: bí kò bá rí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn kafíńtà yìí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lónìí, kó yọ ṣọ́ọ̀bù náà kúrò nínú ibi tó ń lọ. Ìgbà márùn-ún ló ti wá, lóṣooṣù. Lóṣù kìíní, gbogbo wọn ṣàdédé rántí pé pákó wà lẹ́yìnkùlé tó yẹ kí wọ́n kó. Lóṣù kejì, bó ṣe pe "iyọ̀" báyìí ni ọ̀gá kafíńtà tan ayùn oníná, kò sì pa á títí ó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Oṣù kẹta, ayùn. Oṣù kẹrin, ayùn. Lóṣù karùn-ún, iná ọba lọ, wọ́n fi tipátipá gbọ́ díẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n wá béèrè ìgbà tó máa mú abẹ́rẹ́ wá. Nítorí nọ́ọ̀sì tí kì í gúnni lábẹ́rẹ́, tí kì í fúnni lóògùn, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Ìyá Má-Jẹyọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo tó tíì na apá sí i níbẹ̀ ni oníbàárà kan tó wá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó rò pé wọn ò ní gbé e fún òun bí òun kò bá kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nọ́ọ̀sì pinnu láti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìka mẹ́ta ṣe bí ẹni tó ń wọ́n nǹkan sínú ìkòkò, ó sì mi orí gidigidi.

"Ó ní ká má fún adìẹ lóúnjẹ mọ́," ni Aláwàdà túmọ̀.

Ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó ya ọkàn èèyàn sára pákó kan. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó dáadáa.

"Ìjókòó àga ni," ni Màmá Fánísì sọ, ìyá àgbà tó ń fi fánísì kun àga kó lè máa dán. "Ó fẹ́ ká kan àga fún un."

Ọ̀gá kafíńtà gbé ojú kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó wo àwòrán náà fìrí. "Àga tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó báyẹn? Kò ní dúró."

Ó sú nọ́ọ̀sì. Ó fa àga kan tí wọn kò tíì kùn, ó jókòó, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lé itan. Mọ́tò ilé ìwòsàn tó gbé e wá kò ní padà dé títí di aago méjìlá, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ó mọ̀ nítorí pé aago ńlá kan wà lára ògiri, lókè orí ọ̀gá kafíńtà gẹ́lẹ́. Ó tẹjú mọ́ aago náà.

Ọ̀gá kafíńtà tan ayùn bó ṣe máa ń ṣe. Ó la pákó kan. Ó gbójú sókè, ó rí i pé nọ́ọ̀sì ń wo òun. Ó la ìkejì. Nọ́ọ̀sì ṣì ń wò ó. Ó pa ayùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ iyọ̀ yín ni?"

Ó mi orí.

"Àbí ẹ rí nǹkan lára mi ni?"

Ó tún mi orí. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó mí kanlẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára aago.

"Ó mirí," ni Màmá Fánísì sọ jẹ́jẹ́. "Ó sì mí kanlẹ̀."

Ọkùnrin kan tó fi ìṣó sẹ́nu rọra ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ gbọ́," ni Aláwàdà wí, ẹ̀rín sì ti kúrò lójú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì tó ń pariwo kò léwu o. Nígbà tí bàbá wa wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, ṣe ni wọ́n ń bá a ṣeré, tí wọ́n ń bá a jà torí oúnjẹ. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé tí wọn ò sọ nǹkan kan..."

Ó gbé òòlù kalẹ̀, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú igi dànù lára aṣọ, ó wá jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, ó sì na apá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé e.

Ẹnu ya nọ́ọ̀sì débi pé aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wé e, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó tẹ́tí. Ó kọ ọ́ sórí bébà: 118/76. Ó na àtàǹpàkò sókè.

Ariwo sọ bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n.

Kí wákàtí kan tó pé, ó ti di eré ìdíje. Ẹni tó ní 122 ń bínú sí ẹni tó ní 116. Aláwàdà padà wá tò lẹ́ẹ̀kejì, ó ní nígbà àkọ́kọ́ òun kò tíì múra. Màmá Fánísì gba bébà tirẹ̀, 142/90, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i.

"Èmi ni mo gba máàkì tó pọ̀ jù!"

Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ tán ni wọ́n tó ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sísàlẹ̀ fún un, pé kó wá rí àwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó wá ku ọ̀gá kafíńtà. Ó ń wọn ilẹ̀kùn kan. Ó wọn òró rẹ̀, ó wọn ìbú rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún wọn ọ́n. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Màmá Fánísì ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀kùn yẹn kò ní ga ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́."

Ó ju ìwọ̀n sílẹ̀. "Kẹ́ ẹ má sọ pé ẹ̀rù ń bà mí ni," ni ó ń kùn bó ṣe ń bọ̀.

Apá rẹ̀ tóbi. Nọ́ọ̀sì ní láti wá aṣọ tó fẹ̀ jù nínú báàgì. Ó wọn ọ́n. Ó fọwọ́ lé àwọn tó kù jáde, ó jẹ́ kí ọkùnrin náà sinmi, ó tún un wọ̀n. 196/118. Kò yí padà.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ ì bá ti máa dà lẹ́nu rẹ̀: rọpárọsẹ̀, kíndìnrín, ojú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń sọ ọ́, ó mọ̀ ọ́n sórí bí ẹni ń ka ABD. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀, ó há síbẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó fi ọwọ́ lé ọwọ́ ọkùnrin náà, kó sì dúró.

"Ó ga, àbí?"

Ó fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo mọ̀." Ọ̀gá kafíńtà wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni wà nítòsí. "Ó ti tó ọdún méje tí wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n fún mi lóògùn. Mo lò ó fún oṣù kan, ara mi le koko, mo bá pa á tì." Ó ń retí kí nọ́ọ̀sì bá òun wí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ìdí tábìlì tẹ́ ẹ rí yẹn ló ti ń fá pákó lọ́jọ́ tó ṣubú. Kò kú o. Ọdún méjì ló fi jókòó sórí àga tí mo kàn fún un. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Màá jókòó tì í, màá máa méfò. 'Ṣé omi ni? Ṣé oòrùn ló ń pa yín?' Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó fa imú.

"Kì í ṣe ikú ni mo ń sá fún. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé, tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rí. Mo bá tan ayùn."

Nọ́ọ̀sì wo ayùn. Gbogbo ìgbà yẹn, ó rò pé ìwọ̀sí ni.

Ó fa bébà sọ́dọ̀, ó kọ: *Ilé ìwòsàn, lónìí. Mo ń bá yín lọ.*

Ọ̀gá kafíńtà gbé e jìnnà sójú kó tó lè kà á. Ó ní ilẹ̀kùn oníbàárà ń dúró de òun. Láti ìta, níbi tó yẹ kó má ti máa gbọ́ nǹkan kan, Aláwàdà ké sí i pé àwọn á bá a gbé ilẹ̀kùn náà kọ́, ó ṣáà ti wọn ọ́n dójú àmì.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un lóògùn, ó ní kó dùbúlẹ̀ kí àwọn máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, nọ́ńbà náà ti wálẹ̀ díẹ̀. Dókítà fa àga sún mọ́ ọn láti ṣàlàyé bó ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá kafíńtà ti ṣáájú rẹ̀.

"Kí n dín iyọ̀ kù, àti nínú ọbẹ̀ àti èyí tó wà nínú oúnjẹ inú agolo. Kí n máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí n má fi sìgá tanra mi jẹ. Bí ara mi bá yá, kí n má dá oògùn dúró, nítorí pé oògùn náà ló jẹ́ kó yá."

"Ta ló kọ́ yín tó báyìí?" ni dókítà béèrè.

Ó nawọ́ sí nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Ìyá Má-Jẹyọ̀ ni. Oṣù márùn-ún. Ayùn mi kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo tó."

Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó sì padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Òun àti nọ́ọ̀sì jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀ wá mú un. Kò pẹ́ tí bẹ́ǹṣì náà fi mì. Ọ̀gá kafíńtà fò dìde, ó tẹrí wo abẹ́ rẹ̀.

"Ta ló kan ìranù yìí? Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìṣó lásán! Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí igi ìdábùú tó dì í mú, kò sí nǹkan kan. Aláìsàn lẹ sì ń gbé jókòó lé e! Lọ́la tí mo bá ń bọ̀, màá mú irinṣẹ́ dání."

Ó padà jókòó, kò sì dákẹ́. Ó ti orí bẹ́ǹṣì bọ́ sórí igi, ó ti orí igi bọ́ sórí àwọn tó ń ta igi tútù fúnni pé ó ti gbẹ, ó ti ibẹ̀ bọ́ sórí àna rẹ̀ kan tó kọ́lé tí kò ní kí òun wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń gbọ́ ọ. Ó ń ronú ohun tó máa sọ fún mátíróònù bí ó bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Lára gbogbo àwọn tó ti bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yìí wá, mélòó ni rọpárọsẹ̀ kò kọlù, tí wọ́n wà níbì kan nísinsìnyí, tí wọ́n ń ṣàròyé báyìí lórí àna wọn? Kò lè mọ̀ wọ́n. Wọn ò sì ní wá dúpẹ́.

Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lójú oòrùn tó ń wọ̀, ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bú ẹni tó kàn án, ọ̀rọ̀ ń já geere lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.