Ilẹ̀kùn Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Tì

Wọ́n parí rírẹ́ irun àgùntàn, àdéhùn iṣẹ́ ọdún kan tí Ezra Pellow ṣe ní oko àgùntàn náà sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà, tí yóò kó irun náà lọ sí èbúté Geelong, ti fẹ́ gbéra. Ní Geelong, ẹnì kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń wá kápẹ́ńtà, iṣẹ́ ọwọ́ Ezra gan-an sì nìyẹn kí wọ́n tó mú un ní Cornwall nítorí pákó tó jí, tí wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ní London, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e wá sí ilẹ̀ òkèèrè yìí. Bí kò bá bá kẹ̀kẹ́ yìí lọ, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Crouch, alábòójútó oko.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n máa lọ."

Crouch ò tiẹ̀ gbójú kúrò nídìí tíì rẹ̀. "Mi ò fún ẹ. Padà sídìí àgùntàn."

Ezra padà. Nídìí iná, Bàbá Bagshaw, darandaran àgbà, ń yí búrẹ́dì nínú eérú.

"Kí ló bà ẹ́ lójú jẹ́?"

"Ó ní òun ò gbà, Bàbá."

"O lọ tọrọ àyè?" Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀wọ̀n London yìí. Wọ́n ti bá yín ṣílẹ̀kùn pẹ́ débi pé ẹ ti gbàgbé pé ẹ lọ́wọ́."

"Ṣebí ẹlẹ́wọ̀n ni gbogbo wa."

"Má fi ara ẹ wé mi. Èmi, wọ́n kó mi wá ni. Wọ́n fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́ bí ẹní fa ẹran. Bí mo bá sọdá odò láìgba ìwé àṣẹ, pàṣán ni. Ìwọ, wọ́n ti dá ẹ sílẹ̀ níbí, wọ́n kàn lé ẹ nílé ni. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n tì mọ́ ẹ, èyí tó padà sílé lókè òkun ni, ó sì lọ́jọ́ tí wọn á ṣí i. Ta ló ti ìyókù?"

"Crouch ní—"

"O bi í, ó dáhùn. Ta ni yóò kọ ẹrú tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá?"

Ezra wọlé lọ mú ayùn rẹ̀, ó sì gòkè sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù náà.

Crouch jáde. "Pellow, ta ló ní kí o gòkè?"

Ezra dá a lóhùn. "Kò sẹ́nì kankan, ọ̀gá. Ó dàbọ̀ o."

Crouch wò ó títí, ó wo ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà, ó sì padà wọlé.

Nígbà tó dọ̀sán, wọ́n rí òrùlé Geelong lọ́ọ̀ọ́kán. Awakọ̀ bi í pé, "Níbo lo fẹ́ kí n já ẹ sí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Ezra, ẹnikẹ́ni ò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Etí omi," ó wí. "Níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀."