Ìgbà Tí Wọ́n Rán Ànísátù Lẹ́nu

Bí ó bá jẹ́ ti ìrora nìkan ni, Ànísátù ì bá fara dà á. Ohun tó fẹ́ sọ ọ́ di wèrè ni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un. Gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Niamey, olú ìlú Niger, ló ń ya wá kí i ní agboolé wọn ní àdúgbò Boukoki. Bí wọ́n bá sì ti jókòó sórí ẹní tán, wọ́n á máa pariwo sí i létí bí ẹni pé etí ni dókítà gé. Ànísátù kò lè dá ẹnì kankan lóhùn. Ètè rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n rán pọ̀.

Egbò kékeré kan ló yọ sí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ló là á lẹ́nu, nítorí ọyẹ́ Niamey kì í ṣàánú ètè ẹnikẹ́ni. Ó fi òrí pa á títí, egbò kọ̀, kò jinná. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí le koko, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, Ìlhàm ọmọ rẹ̀ fà á lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn jẹjẹrẹ ni.

Dókítà Zùbáír ló gé egbò náà kúrò pẹ̀lú ìdajì ètè ìsàlẹ̀. Láti dí àlàfo tó kù, ó gé abala kékeré kan lára ètè òkè, ó yí i wálẹ̀, ó sì rán an mọ́ ibi tó ṣófo. Ṣùgbọ́n kò tíì gé abala náà já pátápátá. Ó dá ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí, tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa gbà kọjá títí ojú ìrán náà yóò fi jinná. Ẹran yìí ló so ètè òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ láàárín, tó fi jẹ́ pé igun ẹnu méjèèjì nìkan ló ṣí díẹ̀. Dókítà fi èdè Haúsá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ yanu. Bí ẹran náà bá já, abala tí wọ́n rán mọ́ ọn yóò kú.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n wá ní kó má sọ̀rọ̀! Ànísátù tó ń ta àǹkárá ní ọjà Katako, tó ń fi Yorùbá, Haúsá àti Zarma nájà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Lórí fóònù pàápàá, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́.

Àlájà Ràódátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló wá ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Òun ló ń sẹ́ kókó tí aláìsàn ń fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà mu ní igun ẹnu, òun náà ló ń fi omi iyọ̀ nu ojú ìrán. Ṣùgbọ́n bó ti gba iṣẹ́ ọwọ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ló gba ti ẹnu. Bí Ànísátù bá nawọ́ sí fèrèsé nítorí ooru, Àlájà á ní àdúrà ló ní kí wọ́n ṣe fún òun. Bí ó bá dijú nítorí pé ọ̀rọ̀ ti sú u, Àlájà á ní ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Wọ́n á sì ní àmín, wọ́n á tún jókòó pẹ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Àlájà ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó ní bí dókítà bá ti tú ẹnu ìyàwó wọn, kí ó máa lọ sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó má sì kánjú padà. Ó ní ojú ń ti Ànísátù, obìnrin tí ojú rẹ̀ rí báyìí kò lè máa jókòó láàárín ọjà. Tóyìb, ọmọ òun Àlájà, yóò gba ìsọ̀ Katako, yóò máa ta fóònù níbẹ̀.

"Bó ṣe fẹ́ nìyẹn," ni Àlájà wí. "Ó ti mi orí fún mi."

Ànísátù kò mọ ìgbà tí òun mi orí. Ó dìde jókòó, ó ń ju ọwọ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹní. Àlájà dì í léjìká mú, ó ní kí wọ́n wò ó, ìrora ló ń dà á láàmú. Ìlhàm, tí wọ́n bí sí Niamey, tí Yorùbá rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ já geere, fò dìde.

"Non, Àlájà. Màmá ò fẹ́ lọ. Ó ń sọ pé òun ò fẹ́."

Àlájà bi í pé ta ló kọ́ ọ láti máa dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ànísátù wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Àlàmínì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ń wo ẹní bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ó ní Ọlọ́hun yóò ṣe é ní ìrọ̀rùn.

Inú bí Ànísátù débi pé ó fẹ́ yanu. Ó gbọ́ bí ẹran náà ṣe fà, ẹ̀jẹ̀ sì kan ahọ́n rẹ̀. Ó dúró. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú itọ́, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó ọ̀rọ̀ tí yóò sọ jọ sínú, tí ọ̀kan ń ti èkejì.

Nígbà tí ọjọ́ tí dókítà dá pé, wọ́n padà sílé ìwòsàn. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, ó gé ẹran tó so ètè pọ̀, ó sì rán ibi tó kù. Ó bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Àlájà ló dáhùn pé ara ti yá. Nígbà tí wọ́n gbé dígí wá, Àlájà gbà á, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó rí i lónìí. Ànísátù nawọ́, ó já a gbà.

Ẹnu tó rí kéré ju ti àtẹ̀yìnwá. Ó wú, àpá kan sọ̀ láti abẹ́ imú, òmíràn gba ìsàlẹ̀ ètè lọ sí àgbọ̀n. Ó wò ó bó ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n lẹ̀, bóyá ojú ìrán rẹ̀ tọ́, bóyá ó fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tọ́. Ètè méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì pàdé.

Ó gbìyànjú láti sọ pé òun kò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ètè rẹ̀ kú tipiri, ọ̀rọ̀ náà yọ̀ dànù, ìparí rẹ̀ nìkan ló dún.

"Ẹ ò gbọ́?" ni Àlájà wí. "Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ṣí ẹnu."

Ànísátù mí kanlẹ̀. Ó fi ìka méjì di ètè ìsàlẹ̀ mú, ó sì wá ọ̀rọ̀ tí kò nílò ètè.

"N kò lọ."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ ketekete. Àlájà yíjú sí i.

"Ìyàwó, ta ni yóò máa wò ọ́ lójú lọ́jà?"

"Ẹni tó ń ra aṣọ."

Nínú takisí tí wọ́n wọ̀ padà sílé, Àlájà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà fún awakọ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Àlájà ti lọ sílé rẹ̀, Ànísátù jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ó ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé e.

"Bàbá Ìlhàm, èmi ni wọ́n rán lẹ́nu. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Àlàmínì dá a lóhùn. Ó ní Àlájà ló tọ́ òun dàgbà lẹ́yìn tí ìyá àwọn kú, òun kì í lè wò ó lójú kí òun ní rárá.

"Mo mọ̀," ni Ànísátù wí. "Ṣùgbọ́n èmi lẹ fẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Àlàmínì lọ sí Katako. Tóyìb ti gbé àpótí onídígí tó ń to fóònù sí síwájú ìsọ̀ náà. Àlàmínì gbé e, ó rù ú dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ̀ ọ́ síbẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìyàwó òun kò ní lọ síbì kankan. Àlájà bínú, kò yà sọ́dọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀. Ara tu Ànísátù.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ okùn ìrán kúrò ní ètè rẹ̀ tó padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Dókítà ní àrùn náà kò tíì tún fojú hàn, ṣùgbọ́n kí ó máa wá fún àyẹ̀wò, kí ó sì máa fọwọ́ ra ètè náà lójoojúmọ́ kí ó lè rọ̀. Tíì ṣì ń dà sílẹ̀ ní igun ẹnu rẹ̀, ṣíbí ńlá kò sì wọlé mọ́. Àwọn oníbàárà a máa ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ, òun a sì tún un sọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìbínú.

Obìnrin Zarma kan dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wo àpá rẹ̀. Ànísátù jẹ́ kó wò ó tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ló tẹ́ aṣọ fún un. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nájà ni Àlájà dé, ó wá àga jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi Haúsá ròyìn fún obìnrin náà bí òun ṣe tọ́jú ìyàwó òun nígbà tí wọ́n rán an lẹ́nu.

"Àlájà," ni Ànísátù wí, "ẹ jẹ́ kí n tajà."

Àlájà ní kó máa tajà rẹ̀ lọ. Ó sì ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ.