Oògùn Òwúrọ̀ Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ kúrò lọ́rùn Ìyá Rọ̀kíbátù ló ti ń lo oògùn kan láràárọ̀. Omi lásán ló fi ń gbé e mì kó tó fi oúnjẹ kan ẹnu.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, ojú tì í láti béèrè bí yóò ti ṣe é. Òun làwọn obìnrin àdúgbò ń tẹ̀ lé lọ sí wáàsí. Bí dókítà bá ní kó má gbààwẹ̀ ńkọ́? Ló bá gbé oògùn sí ìgbà ìṣínu. Tó bá mu ògì oní-mílíìkì, tó jẹ àkàrà yó, á wá jù ú sẹ́nu.

Kí oṣù tó parí, òtútù ń mú un nínú ooru, oorun sì ń gbé e lọ nídìí ẹja yíyan tó ń tà. Waliyah, ọmọ rẹ̀, wá láti Ìgbògbò, ó béèrè ọ̀rọ̀ oògùn. Ìyá ní òun ń lò ó, àfi bó bá jẹ́ ayédèrú ni wọ́n tà.

Waliyah kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Oyèdèjì tó ń tà á fún ìyá rẹ̀ ní Benson, ó pe olóògùn náà ní apànìyàn lẹ́nu ọ̀nà, lójú gbogbo èrò. Ó padà wá ròyìn, ó ń yangàn. Ìyá ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, wọ́n lọ sílé ìwòsàn n'Ikòròdú. Dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀, ó ní oògùn ò ṣiṣẹ́ tó. Bí Waliyah ṣe fẹ́ dárúkọ Oyèdèjì, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Oògùn ò lẹ́bi. Èmi ni mò ń lò ó lẹ́yìn ìṣínu.”

Dókítà ò bínú. Ó ní oúnjẹ àti mílíìkì ni kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ó ní ká ní wọ́n béèrè ni, wọn ì bá máa lò ó nígbà tí wọ́n bá jí, kí sàárì tó yá, wọn ì bá sì gba ààwẹ̀ wọn pé. Ìyẹn ló wá dun ìyá jù.

Nínú kẹ̀kẹ́, Waliyah yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Màmá, mo sọ fún yín pé mo bú ọkùnrin yẹn. Ẹ sì dákẹ́.”

Ìyá ní kí oníkẹ̀kẹ́ já àwọn sí Benson. Èrò wà níwájú Oyèdèjì. Ó rí Waliyah, ojú rẹ̀ le, síbẹ̀ ó ní kí Màmá wọlé jókòó ná, títí àwọn oníbàárà á fi lọ.

“Rárá. Ìta níbí ni wọ́n ti bú ọ.”

Ìyá di tábìlì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Oyèdèjì sáré gbá a mú, ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tó bí òun lọ́mọ. Ìyá sọ bó ṣe jẹ́. Bàbá kan tó wá ra oògùn ikọ́ ní òun ò gbọ́.

Ìyá tún un sọ.