Ìkúnwọ́ Iyọ̀ Kan Sí I

Nígbà tí mètírọ́ọ̀nù ilé-ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tòun ti kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Mètírọ́ọ̀nù kò kí i, kò sì jókòó. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó da ọṣẹ olómi inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, gbogbo rẹ̀ sì gba àárín ìka rẹ̀ ṣàn dà sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé ọṣẹ ni mo ní kí ẹ ṣe, àbí omi ni mo ní kí ẹ pọn?"

"Ẹ má bínú, Mètírọ́ọ̀nù."

"Mi ò tíì lo 'ẹ má bínú' ọ̀sẹ̀ tó kọjá tán. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Ogún kẹ́ẹ̀gì, lọ́la, aago mẹ́rin. Bó bá tún rí báyìí, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣe ọṣẹ wa."

Ilé-ìgbé yìí ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọṣẹ Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Nítorí tiwọn ló ṣe fi korobá sílẹ̀, tó ra dùrọ́ọ̀mù ńlá, tó sì gba yàrá ẹ̀yìnkùlé tó ní ẹ̀rọ omi. Bí wọ́n bá lọ, a jẹ́ pé dùrọ́ọ̀mù di ibi ìkó-aṣọ-ìdọ̀tí-sí nìyẹn.

Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé bó ṣe ń ṣe ọṣẹ inú korobá náà ló ń ṣe ti dùrọ́ọ̀mù. Á fi omi yọ́ ògidì ọṣẹ tó ń rà, á pò ó dáadáa, á fi àwọ̀ àti lọ́fíńdà sí i. Iyọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn, nítorí iyọ̀ ló ń mú ọṣẹ olómi ki. Korobá mẹ́wàá ló kún dùrọ́ọ̀mù kan, ó sì ti sọ ìwọ̀n ohun gbogbo di ìlọ́po mẹ́wàá. Kí ló tún kù? Ó ti bá ẹni tó ń ta ògidì ọṣẹ jà. Ó ti pààrọ̀ omi. Ìgbàkígbà tó bá sì rí i pé ọṣẹ ṣàn jù, á bu iyọ̀ sí i, ọṣẹ náà á túbọ̀ máa ṣàn, bíi pé ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bu iyọ̀ sí i," ni ìyá rẹ̀ wí láti orí àga ẹnu ọ̀nà nígbà tí Mètírọ́ọ̀nù lọ tán. Òun ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Iyọ̀ inú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti òkun."

"Ṣé ó wá ki? Kò ki. A jẹ́ pé kò tó nìyẹn."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ pòṣé, ó wọlé. Ó to kọ́ọ̀pù méje sórí tábìlì, ó bu ọṣẹ tuntun tí kò níyọ̀ sí gbogbo wọn ní ọgbọọgba. Kò fi iyọ̀ kankan sí àkọ́kọ́. Ó fi ṣíbí kan sí èkejì, méjì sí ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ títí tó fi fi mẹ́fà sí èkeje. Ó wá ń dà wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gba ṣíbí mẹ́ta ki bí oyin. Èyí tó gba mẹ́rin ṣì gbìyànjú. Ti ṣíbí márùn-ún ti ń ṣàn, ti mẹ́fà sì di omi pátápátá.

Fún ìṣẹ́jú kan, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé inú ń bí òun. Iyọ̀ ní ibi tó ń mọ! Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ó ń tú ohun tó ti dì ni. Lẹ́yìn náà ni inú tún bí i, ó sì bí i sí ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo ìgbà tó rò pé òun ń tún ọṣẹ ṣe, ńṣe ló ń bà á jẹ́ sí i.

Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ bà á jẹ́? Iyọ̀ tó ń wọ̀n sí i níbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀ jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó po dùrọ́ọ̀mù tuntun, ó wọn iyọ̀ sí i, ó lọ kó kẹ́ẹ̀gì wá. Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ ló bá nídìí dùrọ́ọ̀mù, tó ń wọ́n iyọ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni ń fún adìyẹ lóúnjẹ.

"Màámi!"

"Kí lò ń pariwo sí? Mo ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí nǹkan gàgàrà yìí ti dé. Iyọ̀ tí ò ń bù sí i kò jọ mí lójú. Mo bá ń fi ìkúnwọ́ kan sí i, ìkúnwọ́ kan sí i."

"Ìkúnwọ́ mélòó?"

"Ta ló ń ka iyọ̀?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ fà á lọ́wọ́ dé ìdí tábìlì, ó ní kó ti ìka bọ kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ iye ṣíbí iyọ̀ inú rẹ̀ fún un. Màmá tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un tẹ̀.

"Iyọ̀ yìí ò níwà," ló sọ níkẹyìn.

Dùrọ́ọ̀mù ti bàjẹ́, ògidì ọṣẹ tó sì kù nílẹ̀ kò pọ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ tún wo àwọn kọ́ọ̀pù náà. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ọṣẹ tí kò níyọ̀ ló yẹ kó pàdé rẹ̀. Ó da kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ àti èkeje pọ̀, ó rò ó. Ó ki. Ló bá yọ́ gbogbo ògidì tó kù, ó ń fi ọṣẹ dùrọ́ọ̀mù lú u díẹ̀díẹ̀, ó ń dán an wò ní gbogbo ìgbà. Kẹ́ẹ̀gì méjìlá ló rí. Ó wo mẹ́jọ tó ṣófo, ó wo omi ọṣẹ tó ṣẹ́kù. Kò bù ú sínú wọn.

Aago mẹ́rin lù, Mètírọ́ọ̀nù dé. Ó da ọṣẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó dorí ọwọ́ kodò. Ọṣẹ náà so rọ̀, kò yára já.

"Ogún ni mo sọ."

"Méjìlá ló dára. Ẹ ó rí mẹ́jọ tó kù lọ́jọ́ Ẹtì."

"Kí ló tiẹ̀ ń ṣe é látẹ̀yìn wá?"

Màmá gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Àwa méjì là ń fi iyọ̀ sí i, a ò sì sọ fún ara wa," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ dáhùn.

Mètírọ́ọ̀nù wo ìyá, ó wo ọmọ. "Ẹ bá mi gbé e wọ mọ́tò jàre. Ọjọ́ Ẹtì o! Kí mẹ́jọ má di méje."

Bí ọkọ̀ ti ń lọ, Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé àpò iyọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa.

"Nítorí tèmi lo ṣe tì í?"

"Nítorí àwa méjèèjì ni, Màámi."